Ọ̀gá Tí Kò Rí Mi: Bí Mo Ṣe Kọ́ Yóga Nínú Pálọ̀ ní Parkchester

Iṣẹ́ méjì ni mo ti kọ́. Àkọ́kọ́ ni aṣọ rírán, tí mo kọ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ìyá kan tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọwọ́ ọmọṣẹ́. Èkejì ni yóga, tí mo kọ́ nínú pálọ̀ wa ní Parkchester, ní Bronx, ní New York, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí kò rí mi rí, tí kò sì lè rí mi, nítorí inú fídíò ló wà. Ọ̀gá àkọ́kọ́ a máa gbá ọwọ́ mi padà sójú ìlà bí sísọ́ọ̀sì bá fẹ́ yà. Ọ̀gá kejì á ṣàlàyé, á fara ṣe é kí n rí i, á sì máa bá tirẹ̀ lọ, yálà mo ṣe é dáadáa tàbí mo ṣe é kátikàti. Bí ènìyàn ṣe lè kọ́ iṣẹ́ tó jẹ́ ti ara lọ́dọ̀ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, kó sì mọ̀ ọ́n, ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé obìnrin bíi tèmi pọ̀ ní ìlú yìí tí ẹ̀yìn ń dùn, tí wọn ò ní àyè, tí wọn ò sì ní owó olùkọ́.

Ẹ̀yìn ló gbé mi dé ìdí ẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Gánà tó wà ní Bronx. À ń gbé ènìyàn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́, à ń yí wọn padà kí ara wọn má baà dégbò, à ń tẹ̀ ba láti wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn, à ń nawọ́ sínú báàfù láti wẹ̀ wọ́n. Tó bá di alẹ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á gan bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Dókítà tó yẹ̀ mí wò kò fi oògùn nìkan lé mi lọ. Ó ní kí n máa lo ara mi, ó sì dárúkọ yóga. Èrò òun nìkan kọ́. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní American College of Physicians gbé ìlànà jáde pé bí ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá ti pẹ́ lára, ohun tí kì í ṣe oògùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ka eré ìdárayá, yóga àti tai chi mọ́ àwọn nǹkan náà. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Boston tẹ àbájáde ìwádìí kan lórí irú ìrora yìí jáde. 320 ènìyàn ni wọ́n kó jọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe aláwọ̀ funfun, ọ̀pọ̀ wọn ò sì lówó lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, àbájáde àwọn tí wọ́n kọ́ ní yóga kò burú ju ti àwọn tí wọ́n gba ìtọ́jú fisiotẹ́rápì lọ. Àwọn tí wọ́n dán an wò lára wọn jọ èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́.

Inú ilé ni mo ti kọ́ ọ, ilé náà sì bá a mu. Parkchester jẹ́ àwọn ilé bíríkì gíga tí ilé iṣẹ́ adójútòfò Metropolitan Life kọ́ láàrin 1938 àti 1942. Ní 1940 ni àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọlé, ibùgbé tó wà níbẹ̀ sì lé ní 12,000. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ inú àwọn ọdún 1960, wọn kò fi ibẹ̀ háyà fún aláwọ̀ dúdú. Lónìí, àwọn ará Bangladesh ló ni ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tó wà ní Starling Avenue, àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà káàkiri níbẹ̀. Ẹnìkan ń gbé lókè wa, ẹnìkan ń gbé nísàlẹ̀ wa, nítorí náà eré ìdárayá tí wọ́n ń fò sókè sódò kò ṣeé ṣe nídàájí kí ìjà má ṣẹlẹ̀. Yóga kò ní ariwo. Àyè tí ènìyàn lè na gbọọrọ sí, kí ó sì na ọwọ́ méjèèjì láì kan àga, ti tó. Bí òtútù bá dé, òfin ìlú New York ní kí onílé máa fún wa ní ooru láti oṣù kẹwàá títí di òpin oṣù karùn-ún. Ooru yẹn ṣe pàtàkì, torí iṣan tó ti móoru máa ń nà ju iṣan tó tutù lọ.

Ẹ̀kọ́ yóga nínú ilé ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Láàfin Mysore, ní gúúsù Íńdíà, ni olùkọ́ yóga kan, Krishnamacharya, ti kọ́ àwọn ènìyàn ní àwọn ọdún 1930. Ọ̀kan nínú wọn, Indra Devi, ṣí ilé ẹ̀kọ́ sí Hollywood ní 1947. Richard Hittleman gbé e dé orí tẹlifísọ̀n ní Los Angeles ní 1961. Ní 1970 ni Lilias Folan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará Cincinnati lórí tẹlifísọ̀n, ètò rẹ̀ sì tàn ká gbogbo Amẹ́ríkà nígbà tó yá. Láti ìgbà náà ni ìyá ilé ti ń tẹ́ ẹní síwájú tẹlifísọ̀n. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé nǹkan àwọn òyìnbó obìnrin ni. Mo máa ń rán wọn létí pé Rosa Parks, tó kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì ní 1955, ṣe yóga. Àwòrán rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe é, tí wọ́n yà ní 1973, wà ní ìpamọ́ ní Library of Congress.

Yíyan ọ̀gá ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. N'Ìbàdàn, bàbá mi ló mú mi lọ fún ìyá aláṣọ lẹ́yìn tó ti béèrè ìwà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Lórí YouTube, èmi ni mo ní láti ṣe ìwádìí náà. Ohun tí mo wò ni pé ṣé kámẹ́rà fi gbogbo ara olùkọ́ hàn láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ṣé ó máa ń sọ ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò wà kó tó sọ pé ká gbéra? Ṣé ó máa ń sọ ohun tí ẹni tí orúnkún ń dùn lè ṣe dípò? Ṣé kì í fi ara rẹ̀ tó rọ̀ ṣe fáàrí? Adriene Mishler ni mo yàn, olùkọ́ kan ní Austin, ní Texas, tó ti ń gbé fídíò rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2012. Àwọn tó ń tẹ̀lé e ti lé ní mílíọ̀nù 10. Fídíò tó ṣe fún ẹni tí kò ṣe é rí gba bíi ogún ìṣẹ́jú. Mo lè ṣe é lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ kí n tó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin 6.

Fídíò náà ní ọ̀nà tí a fi ń lò ó. Mo kọ́kọ́ jókòó, mo wò ó tán láì ṣe nǹkan kan, bí ọmọṣẹ́ tuntun ṣe ń jókòó ti ẹ̀rọ kí wọ́n tó gbà á láyè láti fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe é pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó yá, mo da fóònù dojú bolẹ̀, mo ń fi etí nìkan tẹ̀lé e. Ìpele kẹta yìí ni kí ẹnikẹ́ni má fò. Bí orí bá wà nísàlẹ̀, tí ìdí wà lókè, tí a wá yí ọrùn láti wo ojú fóònù, ọrùn lè fi ara pa. Mo sì ń fi Yorùbá pa àṣẹ náà fún ara mi: tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀, na ẹ̀yìn, tú àgbọ̀n sílẹ̀, mí.

Ìdúró ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ń pè é ní Òkè. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè yóò rò pé a kò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ wà níbẹ̀. A ó pín ìwúwo ara sórí gìgísẹ̀, ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti ìdí ọmọ ìka tó kéré jù. A ó tẹ orúnkún díẹ̀ kó má le gbagidi. A ó jẹ́ kí èjìká wálẹ̀ kúrò létí, ká sì gbé orí sókè tààrà sórí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ènìyàn, tí èjìká kan ti ga ju ìkejì, á kọ́kọ́ mọ bí òun ṣe ń dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la kan Ológbò àti Màlúù: a ó wà lórí ọwọ́ àti orúnkún, a ó hú ẹ̀yìn sókè, a ó sì tún jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀, egungun kan tẹ̀lé ìkejì. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ènìyàn lè ṣe kó tó lọ síbi iṣẹ́, kó jẹ́ èyí.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni Ajá Tó Ń Nara. Ọwọ́ méjì wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ méjì wà nílẹ̀, ìdí wà lókè. Ìdánwò ibẹ̀ ni pé ojú máa ń sọ fún ọmọṣẹ́ pé kí ẹsẹ̀ nà, kí gìgísẹ̀ sì kan ilẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni ti olùkọ́ rí. Ẹ̀yìn ló yẹ kó nà ṣáájú. Iṣan tó wà lẹ́yìn itan so mọ́ egungun ìdí. Bí iṣan yẹn bá le, tí a sì fipá na ẹsẹ̀, á fa ìdí wálẹ̀, ẹ̀yìn á ká, ìrora á sì lọ jókòó síbi tí a fẹ́ lé e kúrò. Nítorí náà, a ó tẹ orúnkún, a ó na ẹ̀yìn, a ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà tó bá yá. Ọwọ́ náà ní tirẹ̀: a ó ya àwọn ìka, a ó sì fi ìdí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ ilẹ̀, kí gbogbo ìwúwo má baà wà lórí ọrùn ọwọ́.

Ta ló máa wá sọ fún mi pé ẹ̀yìn mi ti ká? Ìyá aláṣọ ì bá ti rí i. Nínú pálọ̀, mo ní láti wá ojú mìíràn. Ògiri ni ojú kan: bí a bá fara ti ògiri nínú Òkè, a ó mọ ibi tí ẹ̀yìn kan ògiri àti ibi tó ti jìnnà sí i. Fèrèsé ni ojú kejì, torí kí ilẹ̀ tó mọ́, gíláàsì rẹ̀ á ṣe bíi dígí bí iná bá wà nínú ilé. Fóònù ni ojú kẹta: a lè gbé e kalẹ̀, kó ya wá láti ẹ̀gbẹ́, ká sì wò ó tán. Ọmọ mi obìnrin ni ojú kẹrin, á jókòó sórí àga pẹ̀lú tíì lọ́wọ́, á ní, “Mọ́mì, ẹ̀gbẹ́ òsì yín ga.” Ó ràn mí lọ́wọ́ gan-an, ó sì mú wa súnmọ́ra, torí kò pẹ́ tí òun náà fi tẹ́ ẹní tirẹ̀.

Gbogbo ojú wọ̀nyí ń wo òde ara ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan, ojú kò lè rí i. Ibí ni ohun tí mo mú bọ̀ láti Mọ́kọ́lá ti wúlò fún mi. Ọ̀gá mi a máa wà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń bá oníbàárà dúnàádúrà, á sì pariwo sí ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀, “Dá a dúró! Òwú ti ń há.” Kò rí aṣọ náà. Ìró ẹ̀rọ ló gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń ránṣọ dáadáa ní ìró kan tó ń lọ déédéé, èyí tí òwú ti fẹ́ há nínú rẹ̀ máa ń yí ohùn kó tó já. Èémí ni ìró ẹ̀rọ yẹn nínú yóga. Imú la fi ń mí sínú, imú la fi ń mí síta, díẹ̀díẹ̀, kí gígùn méjèèjì dọ́gba. Bí àyà bá ń ṣí tàbí ọwọ́ ń lọ sókè, a ó mí sínú. Bí a bá ń tẹ̀ síwájú tàbí ń yí ẹ̀gbẹ́, a ó mí síta. Bí èémí bá ti di kúkúrú, tó há sí ọ̀fun, tàbí tí a kàn ṣàkíyèsí pé a ti séèémí, a ti kọjá ibi tí ara gbà lónìí. Kí a padà sẹ́yìn títí èémí yóò fi tún gùn, ká dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n tiwa. Láti ọjọ́ tí èyí ti yé mi, n kò fi ara mi wé ti obìnrin inú fídíò mọ́, mo sì mọ̀ pé mo ti ní ọ̀gá kan tó wà lọ́dọ̀ mi.

Irinṣẹ́ kò wọ́n. B.K.S. Iyengar, tó lọ kọ́ṣẹ́ ní 1934 lọ́dọ̀ Krishnamacharya, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tó jẹ́ ọmọdékùnrin tí àìsàn ti hàn léèmọ̀, ló sọ ọ́ di àṣà pé kí a máa lo bẹ́líìtì, àga, búláńkẹ́ẹ̀tì àti igi láti gbé ara. Àìsàn tó ṣe é ló jẹ́ kó mọ̀ pé ara kan kò jọ ìkejì. Ìwé rẹ̀, Light on Yoga, jáde ní 1966 pẹ̀lú fọ́tò bíi 600, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti inú rẹ̀ kọ́ṣẹ́ láì rí i sójú. Ní tèmi, ọ̀já tí mo fi pọn ọmọ mi ni bẹ́líìtì. Mo máa ń dùbúlẹ̀, màá gbé e kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, màá sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á díẹ̀díẹ̀ kí iṣan ẹ̀yìn itan lè nà láì jẹ́ kí ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Ìró àǹkárá tí mo ká ni mo ń fi sábẹ́ orúnkún. Ìwé nínípọn méjì ni mo ń gbé ọwọ́ lé bí ilẹ̀ bá jìn. Ẹní rọ́bà nìkan ni mo rà, torí orí pákó máa ń yọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà níbẹ̀, kò sì yẹ ká fò ó. Mùsùlùmí ni mí. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Bronx, àbúrò kan bi mí pé, “Àǹtí, ṣé kì í ṣe òrìṣà àwọn ará Íńdíà lẹ ń bọ yẹn?” Ìbéèrè náà dára. Inú ẹ̀sìn àti ìmọ̀ àwọn ará Íńdíà ni yóga ti wá, kò sì ní jẹ́ òótọ́ bí a bá sẹ́ ẹ. Àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì tán níbòmíràn náà. Ní 1993, Alabama fòfin dè é nínú àwọn ilé ìwé ìjọba, ọdún 2021 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, wọn kò sì gba ìkíni “namaste” láyè síbẹ̀. Ní California, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ní 2015 pé èyí tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní agbègbè Encinitas kì í ṣe ẹ̀sìn. Ní 2017, ìjọba Saudi Arabia gbà á gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Ohun tí mo ṣe ni pé bísímílà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, n kì í kọrin ìsìn wọn, mo sì ń dárúkọ àwọn tó ni iṣẹ́ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo tún rí i pé ara mi ti mọ díẹ̀ nínú ìrìn yìí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń kírun mọ ìjókòó lórí gìgísẹ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá ti kúnlẹ̀ kí àgbà láti kékeré. Ète kálukú yàtọ̀, orúnkún tí a ń lò kò yàtọ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ náà, ó yẹ ká mọ̀ ọ́n. Ní 2015, àwọn dókítà ojú ní New York Eye and Ear Infirmary wọn ojú àwọn tó ń ṣe àwọn ìdúró tí orí ń wà nísàlẹ̀, Ajá Tó Ń Nara ló sì gbé agbára omi inú ojú sókè jù. Ẹni tó bá ní àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré, àìsàn náà sì ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Kí ẹni tí kò tíì yẹ ojú wò lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ pẹ́ ní ìdorí-kodò, kò sì gbọdọ̀ sé èémí. Aboyún kò gbọdọ̀ dédé bẹ̀rẹ̀ láì béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ìrora tó gún wọ inú oríkèé yàtọ̀ sí iṣan tó ń nà. Bí oríkèé bá ti dun ni, ká dáwọ́ dúró.

Ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n fi ń parí rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fún un ni Òkú. Yorùbá kì í fi òkú ṣeré, ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ sì máa ń dìde níbẹ̀ torí wọ́n rò pé iṣẹ́ ti tán. Kò tíì tán. A ó na ẹ̀yìn lélẹ̀, a ó ya ẹsẹ̀ díẹ̀, a ó kọjú àtẹ́lẹwọ́ sókè, a ó sì jọ̀wọ́ ara lẹ́yọ lẹ́yọ láti ẹsẹ̀ dé iwájú orí. Fún obìnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè láti àárọ̀ di alẹ́, láti dùbúlẹ̀ láì sùn, láì gbé fóònù, láì dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ̀kọ́ tó le ni. Nínú gbogbo rẹ̀, òun ló pẹ́ jù kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ìrora ẹ̀yìn mi ti dínkù gan-an, kò sì lọ tán. Nígbà tí mo rí i pé mo lè dá rìn, mo lọ sí Bryant Park nígbà ooru, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbangba. Olùkọ́ kan tó ń rìn káàkiri dúró tì mí nínú ìdúró Jagunjagun, ó sì fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ mi tó wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni fèrèsé àti ògiri kò lè dé. Nítorí náà, mo ń gba ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ ọ nílé níyànjú pé kó wá ọjọ́ kan tí ojú olùkọ́ yóò kàn án.

Ohun tí mo sì ń lò jù kì í ṣe orí ẹní. Bí mo bá fẹ́ gbé àgbàlagbà kan dìde báyìí, màá ya ẹsẹ̀, màá tẹ̀ láti ìdí tí ẹ̀yìn á nà, màá fà á mọ́ra, màá sì mí síta bí mo ṣe ń gbé e. Mo ti fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, a sì jọ ń ṣe é. Iṣẹ́ tí à ń ṣe, inú ilé onílé la ti ń ṣe é, àwa nìkan, kò sí ọ̀gá tó ń wò wá nígbà tí ẹ̀yìn bá fẹ́ já. Àfi kí kálukú wa kọ́ láti gbọ́ èémí ara rẹ̀, kó sì dá ẹ̀rọ náà dúró kí òwú tó há.